Ohun Tí Mo Kà fún Ràbíátù ní Ilé Ìkàwé Yaokro

Koumassi Remblais,
Abidjan.

Àṣàkẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, bí mo ṣe ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Awakọ̀ kámíọ̀n tí o fi rán gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, ó sì ní kí n sọ fún ìyá rẹ pé o ò rù, o ò sì ṣàìsàn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyá rẹ ní kí n ka lẹ́tà náà sókè, mo sì kà á láti orí dé ìdí. Faransé rẹ ti ga ju tèmi lọ, nítorí náà a ní láti dúró níbi méjì mẹ́ta kí àbúrò rẹ tó là á yé wa.

Ohun tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ nìyí. Wọ́n rán ọ lọ sí ìlú kékeré kan tí kò ní iná mànàmáná. Ilé ìkàwé tí wọ́n fà lé ọ lọ́wọ́ kò ju yàrá kan lọ. Òrùlé rẹ̀ ń jò, àga mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀kan sì ti kán. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí o ti dé, àwọn ọmọ iléèwé lékọ̀lù àti obìnrin kan tó wá sá òjò nìkan ló wọlé. O ní o ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí ọ̀gá yín pé kí wọ́n gbé ọ padà wá sí Abidjan. O wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé, "Papa, kì í ṣe torí èyí ni mo ṣe kàwé."

Yorùbá ni mo fi kọ èsì yìí. Mo mọ̀ pé o ń gbọ́ ọ ju bí o ṣe ń sọ ọ́ lọ, o sì ń sọ ọ́ ju bí o ṣe ń kà á lọ. Má kánjú. Fi ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kà á. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ ní èdè tí mo ti dàgbà kí n tó kọ́. Èmi kì í sì í kọ lẹ́tà gígùn, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí náà ni.

Ìwé ìkọ̀wé àti bíírò lo bá mi tí mò ń tà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Marcory. O rò pé kí n tó bẹ̀rẹ̀ èyí, abọ́ tánganran nìkan ni mo tà rí, lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi tọ́jú ilé ìkàwé. Ìwọ náà gbé ibẹ̀. O ti sùn lórí ẹní nínú yàrá yẹn láìmọye ọ̀sán, ṣùgbọ́n o kéré, kò lè sí lórí rẹ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ló mú mi wá láti Ìgbòho sí Yaokro, ìlú àwọn Baulé kan láàárín igbó kòkó, ọdún méjì kí ilẹ̀ yìí tó gba òmìnira. Mo ti ka ìwé mẹ́fà nílé, mo sì ti fẹ́ ìyá rẹ, ṣùgbọ́n mo fi òun àti ìwọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi títí n ó fi ríbi dúró. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún ni ọjà Yaokro. Bí kò bá ti sí ọjà, kò sí iṣẹ́, èmi a sì máa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan tí wọ́n ń kó kòkó sí tẹ́lẹ̀, nítorí ibẹ̀ tutù. Mùsíò Kofí, ọ̀gá lékọ̀lù ìlú náà, ló gba ilé yẹn lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ó lọ tọrọ ìwé lọ́wọ́ àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ ní Abidjan, ó kó wọn wá nínú páálí mílíìkì, ó sì tò wọ́n síbẹ̀. Ó bá mi lọ́jọ́ kan tí mo ń ka ọ̀kan lára wọn, tí mo ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ Faransé lẹ́yìn.

Ó ní, "Anàgó, èèyàn wo ló máa ń fi ojoojúmọ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé tí kì í ṣe tirẹ̀? Gba kọ́kọ́rọ́ yìí, kó kúkú di tìẹ."

Anàgó ni wọ́n ń pè wá níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pè wá ní Abidjan náà. Bí mo ṣe di olùtọ́jú ilé ìkàwé nìyẹn. Wọn kì í san nǹkan fún mi. Iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé síwájú ilé wa nígbà ìkórè. Ṣùgbọ́n Àṣàkẹ́, bí mo ṣe gbéra ga nígbà yẹn, ojú ń tì mí láti kọ ọ́. Mo ra ṣẹ́ẹ̀tì funfun méjì, mo fi okùn so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn, mo sì ń gba iwájú ilé ọba kọjá kí wọ́n lè rí i.

Ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ràn mi. Èkíní nìyí: má ṣe dáàbò bo ìwé kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan wà tí wọ́n fi ta ilé náà lọ́rẹ. Mo kó gbogbo ìwé sínú rẹ̀, mo tì í pa, mo sì gbé e fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé, mo máa ń ní kó na ọwọ́ rẹ̀ kí n wò ó. Àwọn àgbẹ̀ tó ń bọ̀ láti oko kòkó, tí oje ti gbẹ mọ́ wọn léèékánná, mo máa ń dá wọn padà. "Ẹ lọ fọwọ́." Wọ́n lọ fọwọ́, wọn ò sì padà wá. Nígbà tó yá, èmi nìkan ló kù nínú yàrá, pẹ̀lú òórùn kòkó tí kò kúrò lára ògiri. Mo sọ fún Mùsíò Kofí pé àwọn èèyàn yìí ò fẹ́ràn ìwé. Ohun tí ìwọ náà kọ sí mi nìyẹn, ọ̀rọ̀ kan náà gan-an.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láti sá ìwé sóòrùn. Láti iwájú, gbogbo rẹ̀ dúró dáadáa, àwọ̀ ẹ̀yìn wọn pé. Mo fa ọ̀kan yọ, ó sì dà sí mi lọ́wọ́ bí iyanrìn. Ikán ti gba inú ògiri wọlé láti ẹ̀yìn, wọ́n ti jẹ gbogbo inú ìwé tán, wọ́n fi èèpo sílẹ̀ fún mi. Ìwé méje péré ló kù ní Yaokro. Méjèèje wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan tí Mùsíò Kofí ti yá ní ìwé kí kọ́kọ́rọ́ tó dé ọwọ́ mi, tó kó wọn sórí àjà lókè ibi ìdáná rẹ̀. Èéfín ti sọ wọ́n di pupa, epo sì ta sí wọn lára, ṣùgbọ́n kò sí ojú ìwé kan tó sọnù.

Mo rò pé Mùsíò Kofí yóò lé mi lọ. Ó wo inú kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó sì ní, "Àwọn ikán ti kàwé tiwọn tán. Ó ku àwọn èèyàn."

A yọ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà, a fi pákó rẹ̀ kan bẹ́ǹṣì gígùn kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mùsíò Kofí tún lọ tọrọ ìwé. Lọ́tẹ̀ yìí, orí tábìlì láàárín yàrá la kó wọn sí, jìnnà sí ògiri, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ wò mọ́. Gbé ìwé tìrẹ kúrò lára ògiri lónìí, kí o tó ka lẹ́tà yìí tán.

Ìgbà yẹn ni ilé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di ilé. Bí mo bá pa ojú dé níhìn-ín nínú ariwo Koumassi, mo ṣì ń rí i. Láàárọ̀, mo máa ń gbálẹ̀, mo máa ń wọ́n omi síwájú rẹ̀ kí eruku má bàa dìde. Àwọn obìnrin a gbé ẹ̀pà wọn wá sí orí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa pa á, èèpo rẹ̀ á sì máa fò wọlé. Wọn ò wá kàwé. Wọ́n wá torí afẹ́fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ lékọ̀lù kan bá ń kàwé sókè nínú ilé, ọwọ́ wọn a dúró lórí ẹ̀pà. Wọ́n á ní, "Padà sẹ́yìn díẹ̀. Kí ló ní obìnrin yẹn sọ?" Ọmọ náà á padà sẹ́yìn, á sì túmọ̀ rẹ̀ sí Baulé fún wọn. Obìnrin tó wá sá òjò lọ́dọ̀ rẹ, ṣé o fún un ní ìjókòó?

Èkejì: má fi ohun tí ẹnikẹ́ni bá béèrè ṣe ẹlẹ́yà. Bàbá arúgbó kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Nàná. Ó wọlé lọ́jọ́ kan, ó ní wọ́n sọ fún òun pé ìwé kan wà tí wọ́n ya gbogbo ilẹ̀ sí. Mo na máàpù fún un. Ó ní kí n fi Yaokro han òun. Mo sọ fún un pé kò sí níbẹ̀, pé ìlú náà kéré jù, mo sì rẹ́rìn-ín. Ó lọ sílé. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n tún wò ó dáadáa. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wá, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kẹrin ó bi mí pé, "Àwọn tó yà á, ṣé wọn ò mọ̀ pé a wà níbí ni?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Mo gbé rúlà, mo wọn ọ̀nà láti ìlú ńlá tó wà níwájú wa, mo fi bíírò tẹ àmì kan, mo sì kọ YAOKRO sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nàná fi ìka lé e, ó jókòó síbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó kó gbogbo ọmọ ilé rẹ̀ wá wò ó. Láàárín ọdún kan, ìka àwọn èèyàn ti lu ibẹ̀ jálẹ̀. Ihò kékeré kan ló wà lórí máàpù yẹn níbi tí ìlú wa wà. Àwọn tó wá yẹ ilé náà wò láti òkè sọ pé mo ba ìwé ìjọba jẹ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò dùn mí.

Èyí tó kàn ló dùn mí. Mi ò sọ ọ́ fún ọ rí, ìyá rẹ náà kò sì sọ ọ́ fún ọ. Òun ló ní kí n kọ ọ́ báyìí.

Obìnrin kan wà ní Yaokro tó ń jẹ́ Ràbíátù, ọmọ Ìgbòho bíi tiwa. Ọkọ rẹ̀, Lásísì, ń ta aṣọ, ṣùgbọ́n ọjà náà kéré fún un, ó sì lọ sí Abidjan, sí Boribana létí ọ̀sà. Ó ní bí òun bá ti ríbi dúró, òun yóò ránṣẹ́ pe ìyàwó òun. Ó fi Ràbí sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn, Sàúdátù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ràbí kò mọ̀wé. Èmi ni àwọn ará ilé wa máa ń gbé lẹ́tà wọn wá bá, nítorí ẹ̀gbọ́n mi kò ní sùúrù. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, bẹ́ǹṣì mi máa ń kún.

Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ tí Lásísì kọ dára. Ó kí ìyàwó rẹ̀, ó kí ọmọ rẹ̀, ó ní òun ń gbìyànjú. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, Ràbí lọ fọwọ́ ní ìdí ìkòkò omi kó tó fà á lé mi lọ́wọ́, bí ẹni tó fẹ́ jẹun. Mo fojú kà á kí n tó lanu. Kò gùn. Ó ní: "Ràbí, má dúró dè mí mọ́. Mo ti fẹ́ ẹlòmíràn níbí. Kó ọmọ, kí o padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ ní Ìgbòho. Má bínú."

Mo gbójú sókè. Ó ń wò mí lẹ́nu, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀ de ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo ní, "Ó kí ọ. Ó ní òun ṣì ń wá ilé. Ó ní kí o ní sùúrù."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí mi ò fi lè wo ojú rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé n ó là á fún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí mo bá rí ọ̀nà tí n ó gbé e gbà. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ó wá, ó ní kí n bá òun kọ èsì. Mo kọ gbogbo ohun tó sọ, mo sì fi sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì. Mi ò lè fi ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè ya á. Mẹ́rin ni wọ́n pé níbẹ̀. Abidjan jìnnà nígbà náà, kò sì sí ẹni tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ tó mọ Lásísì. Mo ṣáà ń sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n Ràbí ọkùnrin wá láti Ìgbòho. Ó ní bàbá àwọn ń ṣàìsàn, kó di ẹrù rẹ̀ kí àwọn jọ lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìkàwé ni wọ́n ti sọ ọ́, èmi sì wà níbẹ̀. Ràbí ní, "Ọkọ mi ní kí n ní sùúrù. Bí ó bá ránṣẹ́ wá pè mí tí kò bá mi ńkọ́?" Ó wá yíjú sí mi. "Àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló wí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ló wí."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Bàbá wọn kú kí ààwẹ̀ tó dé. Èmi náà ni mo ka lẹ́tà ikú náà fún un.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, Ràbí wọlé, ó jókòó, ó ní òun fẹ́ kọ́ ìwé. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní, "Gbogbo lẹ́tà tó ń wá fún mi, ohùn rẹ ni mo ń gbọ́ nínú wọn. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn àwọn tó kọ ọ́."

Ìwé ABD kan wà tí ẹ̀gbọ́n mi mú wá láti ilé. Òun ni mo fi kọ́ Ràbí. N kò ní parọ́ fún ọ, Àṣàkẹ́: mo mọ̀ọ́mọ̀ ń fà á ni. Mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ohun tí ọmọdé ń kọ́ ní ọjọ́ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kò dúró dè mí. Ó ń fi èédú kọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná rẹ̀, ó ń kọ ọ́ sínú iyanrìn lọ́jà, ó ń bi àwọn ọmọ lékọ̀lù.

Ọ̀sán kan tí òjò ń rọ̀, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún fún àwọn obìnrin, ó tú lẹ́tà kan jáde létí ìró rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Mo mọ̀ ọ́n. Ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

"Rà-bí. Má. Dú-ró. Dè. Mí. Mọ́."

Ó dúró. Ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì kà á dé òpin, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ gan-an. Mi ò ràn án lọ́wọ́.

Ó ní, "Ṣé bí mo ṣe kà á ló rí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kò sí èyí tí mo ṣì kà?"

"Kò sí."

"Kí ni èyí tí o kà fún mi lọ́jọ́ yẹn?"

Mo ní, "Àánú rẹ ló ṣe mí."

Ó ní, "Ta ló ní kí o ṣàánú mi? Kí o bá mi kà á ni mo bẹ̀ ọ́." Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Bàbá mi ń béèrè mi títí ó fi kú. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ bẹ́ẹ̀." Ó ká lẹ́tà náà, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó sì wọ inú òjò lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, bẹ́ǹṣì ọjọ́ Jímọ̀ dá. Àwọn ará ilé wa ń gbé lẹ́tà wọn kọjá níwájú mi, wọ́n ń rìn lọ sí ìlú kejì kí wọ́n tó rí ẹni kà á fún wọn. Kò sẹ́ni tó bú mi. Ó dà bíi pé ilé náà ti ṣófo tán, bẹ́ẹ̀ ìwé wà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ gbé ọ dé láti Ìgbòho. Kí ẹrù rẹ̀ tó kan ilẹ̀, àwọn obìnrin ti ròyìn fún un. Mo ń retí ìjà. Ìyá rẹ wẹ̀ ọ́, ó fún ọ lóúnjẹ, ó wá ní, "O ti lọ bá a?"

Mo ní mi ò tíì lọ.

Ó ní, "Lọ bá a."

Mo kó lẹ́tà mẹ́rin inú dúrọ́ọ̀, mo lọ. Ràbí ń rẹ́ ilá ní ẹnu ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, àti ti èsì tí mi ò fi ránṣẹ́. Ó gbà wọ́n lọ́wọ́ mi, ó sì ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan níbi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ló ń kà. Nínú èyí tó gbẹ̀yìn ó ti ní kí n kọ ọ́ pé, "Sọ fún un pé Sàúdátù ti ń pe bàbá, ṣùgbọ́n gbogbo ọkùnrin tó bá kọjá ló ń pè bẹ́ẹ̀." Ibẹ̀ ló kà dé. Lẹ́yìn náà ó pa ìwé náà dé.

Ó ní, "Dìde. O dí ẹnu ọ̀nà."

Ìyẹn nìkan ló sọ. Kò ní òun dárí jì mí, kò sì ní òun kò dárí jì mí. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ó pọn ọmọ, ó wọ kámíọ̀n lọ sí Boribana, ó bá Lásísì níbẹ̀, ó sì gba ìkọ̀sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú àwọn àgbà. Ó sọ fún ìyá rẹ lẹ́yìn náà pé gbogbo pátákó tó wà lójú ọ̀nà lòun ń kà lọ, kí ọkàn òun má bàa dúró síbì kan. Ọjọ́ kẹrin ló padà. Kò lọ sí Ìgbòho. Ó ní ẹni tí òun ìbá tìtorí rẹ̀ lọ ti kú.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta iyọ̀ àti àlùbọ́sà. Lọ́jọ́ kan ó wọ ilé ìkàwé, ó dá ìwé ABD padà, ó ní kí n fún òun ní òmíràn. Díẹ̀díẹ̀, àwọn tó ní lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń gbé e fún. Wọ́n á gba iwájú mi kọjá, wọ́n á lọ bá Ràbí ní ìkángun bẹ́ǹṣì. Nígbà tí o tó ẹni tó ń wọ lékọ̀lù tí a fẹ́ kó wá sí Abidjan, Mùsíò Kofí bi mí ta ni òun yóò fún ní kọ́kọ́rọ́. Mo tú u lọ́rùn, mo sì gbé e lọ fún Ràbí fúnra mi.

Mo ti gbàgbé iye ìmọ̀ràn tí mo kà dé. Kà wọ́n fúnra rẹ. Máa kí wọn kí o tó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́. Kọ́ èdè wọn, kó má jẹ́ Faransé nìkan. Jẹ oúnjẹ tí wọ́n bá gbé wá. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé lẹ́tà tàbí ìwé ìjọba wá pé kí o ka ohun tó wà níbẹ̀ fún òun, ohun tó wà níbẹ̀ gan-an ni kí o kà, ì báà dun òun, ì báà dun ìwọ. Ìwé tí o fẹ́ kọ sí ọ̀gá yín, èmi kò ní kí o má kọ ọ́. Àárò rẹ ń sọ ìyá rẹ, ilé yìí sì gbà ọ́. Ṣùgbọ́n gbé bẹ́ǹṣì kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ná, kí o fún un ní òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan. Bí ó bá ṣì rí bákan náà, kọ ọ́, èmi yóò sì gbé e lọ sí búrò ọ̀gá yín pẹ̀lú ọwọ́ mi.

Ìyá rẹ kí ọ. Ó fi gaàrí àti ata gígún rán awakọ̀ náà. Àbúrò rẹ ní kí o kọ̀wé sí òun lọ́tọ̀.

Ohun kan ló kù. Nígbà tí o wà níléèwé girama, ní lísè, tí mo sọ pé mò ń lọ kí àwọn ará Yaokro, ilé ìkàwé yẹn ni mo lọ. Orí bẹ́ǹṣì kún. Ràbí jókòó sí ìkángun, irun rẹ̀ ti ń funfun létí. Ìyá àgbà kan na lẹ́tà sí i. Ó fojú kà á, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ikú ni. Mo mọ ibi tí ó wà yẹn, Àṣàkẹ́. Mo ti jókòó síbẹ̀ rí.

Ó ní, "Màmá, ta ló bá yín wá?"

Ìyá náà ní òun nìkan ni.

Ràbí rán ọmọ kan lọ pe aládùúgbò ìyá náà. Ó bu omi fún un mu, ó dúró títí aládùúgbò fi dé. Lẹ́yìn náà ó kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi ẹsẹ̀ ìyá náà, ó sì kà á. Ó ka gbogbo rẹ̀. Kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Ìyá náà ní kó tún un kà, ó tún un kà. Ó wá bá wọn sìn ín délé, gbogbo wa sì dúró dè é, kò sẹ́ni tó dìde.

Nígbà tó padà, mo dìde pàdé rẹ̀. Mo ní, "Ràbí, mo ti ń fẹ́ bi ọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ṣé o ti dárí jì mí?"

Ó wò mí, ó wo bẹ́ǹṣì.

Ó ní, "Jókòó. Ẹni méjì ló wà níwájú rẹ."

Mo jókòó, mo sì dúró títí ó fi kàn mí.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ níbi tí o wà.

Èmi ni bàbá rẹ.